Aṣọ Funfun Tí Ìbídùn Hun

Láyé àtijọ́, Àwẹ̀ní ni ọ̀gá àwọn obìnrin tó ń hun kíjìpá ní Òkè-Òwú. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bó bá jókòó sídìí òfì, tó ń hunṣọ, tó sì ń fi aládùúgbò ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rín kì í tán lágbo ilé wọn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Ìbídùn nìkan ni ọmọ tó fi sílẹ̀ fún un. Nígbà tí Ìbídùn wá lóyún lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti ń wojú Ọlọ́run, ìyá rẹ̀ kéde níwájú gbogbo ilé pé, "Èmi ni n óò kọ́kọ́ pọn ọmọ yìí. Ẹni tó bá ṣáájú mi pọ̀n ọ́n, èmi àti ẹni náà yóò jọ wọ ṣòkòtò kan náà."

Oyún náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Àwẹ̀ní láràárọ̀, tó sì ń bì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ rọ, kò lè di nǹkan mú mọ́. Orúkọ àwọn èèyàn ń sọnù lórí rẹ̀. Ó ń fi orúkọ ewúrẹ́ pe àna rẹ̀, ọkọ Ìbídùn. Nígbà mìíràn, gìrì á gbé e ṣánlẹ̀. Àrùn tí à ń pè ní jẹjẹrẹ inú ọpọlọ lónìí ni.

Wọ́n pe Ọ̀ṣúndìran oníṣègùn, ó wò ó títí. Ó ní, "Kókó kan wà nínú orí ìyá yín. Irọ́ ni n óò pa bí mo bá ní mo lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ń mu àgbo yìí láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, gìrì yóò jìnnà sí i. Ẹ má jẹ́ kó fo ẹ̀ẹ̀kan."

"Yóò ti pẹ́ tó, Bàbá?" Ìbídùn béèrè.

"Ọlọ́run ò sọ ìyẹn fún mi."

Àṣà kan wà ní Òkè-Òwú nígbà náà. A kì í ra aṣọ funfun tí a fi ń sìnkú fún obìnrin ahunṣọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní í fọwọ́ ara rẹ̀ hun ún, ìyá náà kò sì gbọdọ̀ fojú kàn án. Ìtìjú ńlá ni bí ikú bá dé tí aṣọ kò tíì sí nílẹ̀. Bàbá Lágbàyí, ẹ̀gbọ́n ọkọ Àwẹ̀ní, kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ ó bẹ̀rù ẹ̀tẹ́. Ó pe Ìbídùn sẹ́yìn ilé. "Ọmọ mi," ó ní, "tètè lọ dojú kọ òfì. Àrùn orí kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Bí Ìbídùn ṣe gbé òfì lọ sí ahéré tó wà lẹ́yìn ọgbà nìyẹn. Tòun ti oyún, ibẹ̀ ló ń wà látàárọ̀. Ìyá rẹ̀ á pè é, á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, wá jókòó tì mí, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mọ́ mi lẹ́nu." Ìbídùn á ní, "Mò ń bọ̀, Ìyá mi." Kó tó dé, ọ̀rọ̀ náà á ti sọnù. Ó ń dun Ìbídùn wọra, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ìtọ́jú ìyá náà ló ń ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aṣọ náà ku díẹ̀ kó parí. Ìbídùn ní kóun hun ìyókù tán, ló bá gbàgbé àgbo lórí iná títí ó fi jóná. Nígbà tó sáré délé, gìrì ti gbé ìyá rẹ̀ ṣánlẹ̀ lágbàlá. Àwẹ̀ní kò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí oòrùn ọjọ́ kejì fi yọ. Nígbà tó lajú, ọmọ rẹ̀ ló rí, tó ń sunkún.

"Ìyá mi, ẹ forí jì mí. Aṣọ yín ni mò ń hun."

"Aṣọ wo?"

Ìbídùn nawọ́ sí ọ̀nà ahéré. Ọgbọ́n kò sì tíì tán lórí Àwẹ̀ní. Òun náà ti hun irú rẹ̀ rí fún ìyá tirẹ̀. Ó ní, "Lọ gbé e wá."

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún tú aṣọ náà wò, ó pòṣé. "Etí rẹ̀ wọ́. Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Irọ́ ni."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú Ìbídùn. Àwẹ̀ní wá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo wà láàyè, o fi mí sílẹ̀, o lọ ń tọ́jú òkú mi. Gé aṣọ yìí ṣe ọ̀já fún mi. Ọlọ́wọ́ kan ò lè fi ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ pọnmọ, èyí ló fẹ̀ tó."

Láti ọjọ́ náà, Ìbídùn tú òfì palẹ̀. Àgbo kò fo ẹ̀ẹ̀kan mọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é, á jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ì báà jẹ́ ìlàjì.

Ó bí ọmọkùnrin. Lọ́jọ́ ìkómọ, Bàbá Lágbàyí rọra bi Ìbídùn pé, "Aṣọ ọjọ́sí ńkọ́? Ṣé ó ti wà nílẹ̀?"

Àwẹ̀ní gbọ́. Ìbídùn ti bá a gbá ọ̀já, ọmọ sì ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú padà, ó kọ ẹ̀yìn sí àgbàlagbà náà. "Ọkọ mi, ẹ wò ó dáadáa. Aṣọ tí ẹ ní kí wọ́n fi dì mí ni mo fi pọn ọmọ. Àrùn ni kẹ́ ẹ bá mi wò. Ẹ fi ikú sílẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó rí tó sàn."

Bàbá Lágbàyí wo ẹsẹ̀ ọmọ tó yọ jáde lábẹ́ aṣọ funfun náà. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, ó sì lọ fẹ́ná sídìí àgbo fúnra rẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Àwẹ̀ní tún lò. Kókó náà kò lọ, orúkọ àwọn èèyàn kò sì padà. Gbogbo orúkọ tó wà nílé ló fi ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì ń jẹ́ gbogbo wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń sọ̀rọ̀ ìsìnkú nídìí aláìsàn ní Òkè-Òwú, wọn a bi í pé, "Àgbo ti jinná bí?" Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú."