Ìdí Tí Eégbọn Fi Ń Fara Pamọ́ Sára Ràkúnmí

Nígbà láéláé, nígbà tí eégbọn ṣì ń fi ìrì orí koríko pa òǹgbẹ, ara gbogbo ẹranko mọ́ tónítóní. Kì í ṣe pé eégbọn kò fẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ó fẹ́ ẹ, olè ni láti ìbẹ̀rẹ̀! Àṣà ìlú ni kò fún un láyè.

Ní ilẹ̀ oníyanrìn yẹn, lápá òkè lọ́hùn-ún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, gbogbo ẹranko á péjọ sí ìta gbangba. Wọn á dùbúlẹ̀, wọn á gbé apá, wọn á gbé ìrù, Lékèélékèé á sì yẹ ara wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Eégbọn tó bá rí di oúnjẹ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń tijú, nítorí kò sẹ́ni tí eégbọn kò lè so mọ́ lára.

Ràkúnmí nìkan ni àṣà yìí ń ká lára. Obìnrin ni, ó ga, ó lẹ́wà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ó pẹ́ kó tó rọ́mọ bí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló sọ ní Àríyọ̀.

Lọ́dún kan, Lékèélékèé bá eégbọn lẹ́bàá imú Ràkúnmí.

"Ìyá Àríyọ̀, ẹ dúró díẹ̀, ọ̀kan rèé."

Ewúrẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín lásán ni, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ti yẹ tirẹ̀ wò tán. Ṣùgbọ́n ojú Ràkúnmí pọ́n kankan.

"Èmi! Èmi ni ìwọ ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín yìí ń sọ di onídọ̀tí lójú àwùjọ?" Ó ta Lékèélékèé nípàá, ó gbá a sínú iyanrìn. "Kí n má rí ọ nílé mi mọ́ láé! Ikú yá ju ẹ̀sín!"

Lékèélékèé gbọn iyanrìn dànù, ó bá Màlúù lọ.

Eégbọn tó wà nímú Ràkúnmí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn àwọn tó fẹ́ jẹni run.

"Ìyá, obìnrin iyì ni yín. Ta ni yóò wá yọ mí báyìí? Ẹ ò lọ́wọ́, ẹ ò sì fẹ́ kí wọ́n rí mi. Ẹ jẹ́ ká ṣe àdéhùn. N ó kúrò lójú yín, n ó wọ inú etí, abíyá àti abẹ́ ìrù, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Kí ẹ̀yin ṣáà má fi mí han ẹyẹ yẹn."

"Kò ní rí ọ," ni Ràkúnmí dáhùn. "Ṣáà má jẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín."

Ẹ gbọ́ abiyamọ tó ń bẹ olè! Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún olè, ó ní kó ṣáà má pariwo.

Òjò wá rọ̀ dáadáa. Òjò ni eégbọn fi ń bímọ, wọ́n sì bí i bí ẹni ń da ọkà. Etí Ràkúnmí kún, abíyá rẹ̀ kún, abẹ́ ìrù rẹ̀ kún. Nígbà tí kò sí àyè mọ́, wọ́n sọdá sára Àríyọ̀ tó ń sùn tì í.

"Ìyá mi, etí ń dùn mí," ni ọmọ náà wí.

"Pa ẹnu mọ́! Ṣé o fẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́ ni?"

Ọmọ pa ẹnu mọ́. Ó pa á mọ́ títí ètè rẹ̀ fi funfun, títí kò fi lè dìde mu ọmú. Ìgbà yẹn ni Ràkúnmí wá jágbe mọ́ Eégbọn.

"Ṣé a dárúkọ ọmọ mi nínú àdéhùn wa? Bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀!"

Eégbọn ti yó bámú. "Ẹ pariwo sí i," ló wí, "kí gbogbo ayé lè wá wò wá."

Ràkúnmí sáré lọ bá Lékèélékèé lẹ́yìn Màlúù. Ojú gbogbo ẹranko ló ti kúnlẹ̀.

"Gbà mí, ọmọ mi ń kú lọ!"

"Ẹ ní ikú yá ju ẹ̀sín," ni Lékèélékèé fi ìbínú wí. "Ikú ta ni ẹ ń wí, Ìyá Àríyọ̀? Ṣé ikú ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni?"



Lékèélékèé fò lọ sọ́dọ̀ Àríyọ̀. Ó ṣá eégbọn lára rẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ọmọ náà sì gbé orí sókè, ó ń wá ọmú. Ni Ràkúnmí náà bá dùbúlẹ̀, ó gbé abíyá sókè lójú gbogbo wọn.

"Èmi náà ńkọ́?"

"Ti ọmọ ni mo wá ṣe. Àwọn tiyín, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n wọlé. Ẹ máa bá wọn gbé."

Ó sì fò padà sẹ́yìn Màlúù.

Láti ọjọ́ náà ni eégbọn ti ń fara pamọ́ sínú etí, abíyá àti abẹ́ ìrù ràkúnmí. Bí òjò bá dé, wọn a pọ̀ sí i, wọn a sì pọ̀ lára àgbà ju ọmọ lọ. Láti ọjọ́ náà ni lékèélékèé ti ń tẹ̀ lé màlúù. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí ràkúnmí ń kùn, tó ń tutọ́ káàkiri bó ṣe ń kúnlẹ̀ kí wọ́n lè di ẹrù rù ú, ẹ má rò pé ẹrù ló ń bú. Ara rẹ̀ ló ń bú, kò sì tíì bú u tẹ́rùn.