Fọ́tò Tí A Gé

Onífọ́tò kan wà ní ìlú kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá ya ìyàwó, ìyàwó á rẹwà ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ. Bí ó bá ya arúgbó, àwọn ọmọ á gbé fọ́tò náà kọ́ sí pálọ̀, àlejò tó bá wọlé á sì fẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Ohun kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ káàtó nípa rẹ̀ ni pé kì í béèrè. Bí ó bá rí ohun tó wù ú, á yà á, á sì máa lọ. Ó máa ń sọ pé bí èèyàn bá ti béèrè, ojú ẹni tí a fẹ́ yà á yí padà, fọ́tò sì bà jẹ́ nìyẹn.

Ọdún kan wá dé tí ẹ̀rù gba ìlú náà kan. Wọ́n ní àwọn ọmọdé ń sọnù ní àwọn abúlé tó wà lọ́nà odò. Kò sẹ́ni tó lè dárúkọ ọmọ kan pàtó, ṣùgbọ́n kálukú ló mọ ẹni tó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù. Àwọn ìyá kò rán ọmọ ní iyọ̀ mọ́. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wo àlejò láti orí dé ẹsẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, onífọ́tò yìí ń kọjá lọ, ó rí obìnrin kan tó di ọmọkùnrin kékeré kan mú lọ́rùn ọwọ́. Ọmọ náà ń fà sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ojú obìnrin náà le. Oòrùn àárọ̀ tàn sí àwọn méjèèjì lára lọ́nà tó wu onífọ́tò. Ó gbé kámẹ́rà sójú, ó yà wọ́n. Obìnrin náà kò tilẹ̀ mọ̀.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó gbé fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà. Ó dára, àmọ́ lójú tirẹ̀, nǹkan ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn wà lápá kan níwájú wọn, àwọn abiyamọ tò síbẹ̀, nǹkan kan sì wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà tí kò jẹ́ kí èèyàn wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó gé gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó wá ku ojú obìnrin, ojú ọmọ, àti ọwọ́ tó di ọwọ́ mú. Ó gbé e sínú gúrúùpù tí àwọn ará ìlú jọ ń lò lórí fóònù. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sábẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá lójú á rí i pé ó dára.

Ibi tí a kò bá kọ ọ̀rọ̀ sí, ẹ̀rù á wá ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, fọ́tò náà ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn padà wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ẹnì kan ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wo gbọ́mọgbọ́mọ. Ó ti wọ̀lú. Ẹni tó bá rí i kó má jẹ́ kó lọ."

 Onífọ́tò yára pa èyí tí òun gbé síbẹ̀ rẹ́, ó rò pé ó tán. Fóònù rẹ̀ kò dákẹ́. Aránṣọ tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí i. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ náà fi ránṣẹ́, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde."

Ó fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé irọ́ ni. Ó kọ ọ́, ó tún pa á rẹ́. Ta ló sọ fún un pé irọ́ ni? Kò mọ orúkọ obìnrin náà. Kò mọ ibi tó ń mú ọmọ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti bà á. Ó ṣí fọ́tò náà bó ti wà kó tó gé e, ó fẹ̀ ẹ́, ó wò ó. Ó wá rí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Gèlè ni wọ́n fi wé e, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin gèlè ọ̀hún. Orí obìnrin náà ṣófo. Ilé ìwòsàn ni wọ́n kọjú sí.

Bó ti ń wò ó lọ́wọ́ ni ó gbọ́ ariwo níhà ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Ó mọ irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó sáré lọ.

Èrò ti pé. Wọ́n ti ká obìnrin náà mọ́ ara ògiri, aṣọ rẹ̀ ti ya, ètè rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ohun kan náà ló ń sọ ṣáá: "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ lọ pe ẹ̀gbọ́n mi." Kò sẹ́ni tó béèrè ilé ẹ̀gbọ́n náà. Wọ́n ti já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù kan, igbe rẹ̀ ń jáde láti ibẹ̀. Mẹkáníìkì kan gbé táyà dání. Ẹlòmíràn ti lọ wá bẹntiróòlù.

Onífọ́tò dúró lẹ́yìn èrò.  Ó rò ó pé bí òun bá la ẹnu, wọ́n á ní ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì. Ó ti rí i rí tí wọ́n fi ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kún ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ó fi bùbá bo kámẹ́rà, ó fẹ́ padà. Àfi bí ẹnì kan ṣe rí i.

"Onífọ́tò ti dé," lẹni náà wí. "Ẹ fún un lọ́nà kó wá yà á, kó hàn kedere."

Wọ́n là fún un. Ẹ̀rù tó bà á nígbà náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹnì kan gbọ́wọ́ lé e léjìká, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Nígbà tó dé iwájú, obìnrin náà rí kámẹ́rà lọ́rùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Èmi ni mo ya fọ́tò yẹn," ni onífọ́tò wí. Ariwo bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tún un sọ. "Èmi ni mo yà á. Mo gé e ni. Ẹ wá wo èyí tí n kò gé."

Ó na kámẹ́rà sí mẹkáníìkì. Ojú kámẹ́rà kéré, ẹni tó bá sún mọ́ ọn nìkan ló lè rí nǹkan. Mẹkáníìkì tẹ̀ síwájú, ó wò ó pẹ́.

"Ẹ̀jẹ̀ kí ló wà lẹ́sẹ̀ ọmọ yìí?"

"Ẹ bi í," ni onífọ́tò dáhùn. "Èmi náà kò bi í."

Obìnrin náà kò ṣí ojú. "Ìgò ló gún un. Nọ́ọ̀sì ti rán an. À ń padà lọ sílé ni."

Mẹkáníìkì ju táyà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí, wọn kò sì gbọ́. Òkúta kan fò wá láti ẹ̀yìn, ó ba apá obìnrin náà, àwọn tó wà níwájú sì gbọ́ bí egungun ṣe kán. Onífọ́tò fi ara bò ó. Mẹkáníìkì kọjú sí èrò, ó na apá méjèèjì. "Ẹ lọ pe nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá tún ju nǹkan, èmi ló ń jù ú lù."

Nọ́ọ̀sì dé, ó sì jẹ́rìí pé òun lòun rán ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ìyá ọmọ tẹ̀ lé e, ó pọn ọmọ jòjòló sẹ́yìn. Ìtọ́jú ọmọ jòjòló yìí ni àbúrò rẹ̀ torí rẹ̀ wá sí ìlú náà.  Ó gbé ọmọkùnrin rẹ̀ jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀, ó ń pè é: "Mopélọ́lá. Mopélọ́lá." Ìgbà yẹn ni onífọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ ẹni tó yà.

Èrò ń tú ká díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó lọ wá bẹntiróòlù dé, ó bá ilẹ̀ òfìfo, ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ padà. Kò sẹ́ni tó sọ pé pẹ̀lẹ́.

Apá obìnrin náà jinná, ṣùgbọ́n kò nà tán mọ́. Onífọ́tò lọ dọ̀bálẹ̀ fún un nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òun ti kọ òótọ́ ọ̀rọ̀ síbi gbogbo tí ọwọ́ òun tó, òun sì ti bẹ gbogbo ẹni tí òun mọ̀ kí wọ́n pa fọ́tò náà rẹ́. Obìnrin náà jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó wá gbé fóònù rẹ̀ sí i níwájú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń gbé ní ìlú òkèèrè ló fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ padà. Wọ́n ní ìlú tọ̀hún ni wọ́n ti rí gbọ́mọgbọ́mọ náà, àti pé àwọn ṣì ń wá a.

"Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín," ni ó wí. "Ìlú wo ni kí n wá máa lọ?"

 Títí di òní, bí obìnrin náà bá wọ ọkọ̀, á fi ìborùn bojú. Bí ọmọdé bá sì bú sẹ́kún nítòsí rẹ̀, á dìde kúrò níbẹ̀.

Ìwọ ọmọ iṣẹ́ fọ́tò tí à ń fún ní fíríìdọ̀mù lónìí, ìwọ ni mo ń pa àkàwé yìí fún. Ọ̀gá rẹ ti kọ́ ọ bí a ti ń lo ìmọ́lẹ̀ àti bí ọwọ́ kò ṣe ní máa gbọ̀n. Ẹ̀rù ni mo fẹ́ fi kún un. Onífọ́tò yẹn kò purọ́. Kò ya ohun tí kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ló gé dànù, torí pé kò jẹ́ kí fọ́tò rẹ̀ lẹ́wà tó bó ti fẹ́. Kí ìwọ tó gé, wò ó bóyá ohun tí o fẹ́ gé ni yóò gba ẹni náà lọ́wọ́ ikú. Má sì ju èyí tí o kò gé nù láé. Tọ ẹni tí o yà lọ, kí i, béèrè orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ń lọ. Bí ojú rẹ̀ bá yí padà, jẹ́ kó yí, òun ló ni ojú rẹ̀. Bí o kò bá mọ ohun tí o yà, jẹ́ kó wà nínú kámẹ́rà, pàápàá nígbà tí àyà ìlú bá ń já. Fọ́tò tí o bá fi síta á dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ kò lè dé, ẹnu rẹ kò sì ní sí níbẹ̀ láti bá ẹni tó wà nínú rẹ̀ rojọ́.