Láyíwọlá Tó Ní Kí Wọ́n Fa Òun Sókè

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi Láyíwọlá àdúgbò wa.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ọwọ́ ọmọ náà kan ṣoṣo ni yóò dì mú, yóò sì fì í sókè bí ẹni gbé garawa. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ní, "Ọkọ ọmọ mi, abẹ́ abíyá méjèèjì ni kẹ ti gbé e. Ìgúnpá ọmọdé tètè ń yẹ̀."

"Ìyá, eegun ilé wa kì í yẹ̀. Ẹ wò ó!"

Ló bá na apá ọ̀tún nìkan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tó ń ká máńgòrò lórí igi. "Ẹ fà mí sókè!"

Àwọn dìndìnrìn fà á. Ìgúnpá dún kọ̀ọ́, ó yẹ̀. Ó kígbe, wọ́n rò pé inú rẹ̀ ń dùn ni, wọ́n tún fà á.

Baba tó ń to eegun bi í pé, "Ọ̀tá wo ló ṣe ọ́ báyìí?"

"Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n, Baba."

Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi so apá náà mọ́ ọn láyà. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bu ẹ̀bà sí i lẹ́nu. Bó bá ti gbé òkèlè kan mì, ọmọ rẹ̀ á fi ọwọ́ méjèèjì pàtẹ́wọ́ fún un.