Oníbodè Tí Kò Mọ Ìyàrá Kejì

Ọkùnrin kan ń bẹ tó jẹ́ olùdarí akọrin nínú ìjọ kan. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ń kọ ohùn orin sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìwé tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kọ orin sí, ikán ti jẹ ẹ́ tán. Inú ẹ̀rọ yẹn nìkan ni orin ìjọ náà kù sí.

Ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́ ti gbó, àwọn èèyàn sì ń rọ̀ ọ́ kó gba tuntun. Ṣùgbọ́n inú ti àtijọ́ nìkan ni orin rẹ̀ ti lè ṣí, nítorí náà kò lé e jáde. Ó fi tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ayálégbé méjì nínú ilé kan, tí kálukú ní ìyàrá tirẹ̀.

Nínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ohun kékeré kan wà tó máa ń kọ́kọ́ jí kí àwọn yòókù tó jí. Jẹ́ ká pè é ní oníbodè. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó bi ọ́ pé ìyàrá wo lò ń lọ, kó sì ṣílẹ̀kùn fún ọ. Nígbà tí tuntun wọlé, ó yọ oníbodè àtijọ́, ó fi tirẹ̀ síbẹ̀. Oníbodè tuntun yìí kò tilẹ̀ béèrè ẹni tó bá nílé. Orúkọ ọ̀gá rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n pè.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún ìjọ ni ọkùnrin wa tan ẹ̀rọ rẹ̀ tí kò rí ìyàrá orin mọ́. Ó pa á, ó tún tàn án, tuntun nìkan ló ń yọjú. Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè jẹun. Ó gbé e lọ bá ẹni tó tà á fún un. Ẹni yẹn wò ó fìrí, ó ní, “Ọ̀gá, ti àtijọ́ ti lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n nu gbogbo ẹ̀ kúrò, kí tuntun lè ráyè dáadáa.”

Díẹ̀ ló kù kó gbà. Ojú ń tì í pé òun ló fọwọ́ ara òun fà á. Ìyàwó rẹ̀ ló ní kí obìnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ládùúgbò kọ́kọ́ fojú kàn án.

Obìnrin yìí ní òfin kan: kì í kọ ohunkóhun sínú ẹ̀rọ tí kò tíì yẹ̀ wò. Ó ki fíláàṣì kékeré kan, tó ní ètò tirẹ̀ nínú, bọ̀ ọ́, ó gba ibẹ̀ jí ẹ̀rọ náà, láì bá oníbodè sọ̀rọ̀ rárá. Bó ṣe wo inú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, ta ló ní wọ́n ti lọ? Ibi tí ẹ kó wọn sí náà ni wọ́n wà. Ẹnì kankan ò kàn pè wọ́n ni.”

Kò nu nǹkan kan, kò sì lé tuntun jáde. Oníbodè nìkan ló tún tò. Ó ní kó yí ilé náà ká, kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbébẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n tún tan ẹ̀rọ náà, orúkọ méjì ló yọ. Ọkùnrin náà tẹ èkejì, orin jáde, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ náà kò gbà tó wákàtí kan.

Ìwọ tí o wá bá mi lónìí pé kí n yọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ kúrò nínú ìwé ètò ìrántí ìyá yín tí mò ń bá ọ ṣe, ìwọ ni mò ń bá wí. O ní láti ọdún mẹ́ta tí kò ti pè ọ́ ló ti kú sí ọ. Ìyá yín ńkọ́, ọdún mélòó ló ti lọ? Ṣé kì í ṣe ọdún mẹ́ta náà ni? Òun ló máa ń pè yín méjèèjì. Kò sí ìgbà tó bá ọ sọ̀rọ̀ tán tí kì í ní, “Ṣé o ti gbúròó ẹ̀gbọ́n ẹ?” Nígbà tó lọ, ìwọ lo dúró lẹ́nu ọ̀nà, orúkọ tìrẹ àti tàwọn ọmọ rẹ nìkan lo sì mọ̀ ọ́n pè. O ò bá a jà, kò bá ọ jà, o wá fẹ́ nù ún kúrò.

Mi ò ní yọ orúkọ kankan. Okùn ọmọ ìyá yi, kì í já bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ wà níbi tí ìyá yín fi í sí, ó dá mi lójú. Fóònù rẹ nìyẹn lórí orúnkún rẹ. Pè é kí o tó dìde.