Ibùsùn Tí Wọ́n Fi Okùn Yí Ká

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan létí ọ̀sà, tí ó jogún ilé èrò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ náà sì jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Láyé ijọ́un, kí ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ tó dé, kò sí oníṣòwò tó gba orí omi yẹn kọjá tí kì í sùn nílé náà. Wọn a so ọkọ̀ mọ́ òpó èbúté, wọn a jẹ ẹ̀kọ àti ẹja yíyan, wọn a sì na ẹ̀yìn. Òfin kan ṣoṣo ni bàbá àgbà fi lélẹ̀ níbẹ̀: a kì í béèrè orúkọ àlejò, àlejò kì í sì í dárúkọ ara rẹ̀, títí yóò fi jẹun, tí yóò fi sùn, tí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó ní ẹni tó ti rẹ̀ kò ní orúkọ mìíràn ju ẹni tó rẹ̀ lọ.

Lọ́dún kan tí omi kún bo èbúté, obìnrin kan dé tòun ti oyún, ilé sì ti kún dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá àgbà àti ìyàwó rẹ̀ dìde lórí ibùsùn tiwọn, wọ́n fún un, wọ́n sì lọ tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Orí ibùsùn náà ni obìnrin yẹn bímọbìnrin sí. Nígbà tí omi fà, àwọn ènìyàn rẹ̀ wá fi ọkọ̀ gbé òun àti ọmọ lọ. Gbogbo etí omi ló gbọ́ ọ, ibẹ̀ sì ni òkìkí ilé náà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbà mọ orúkọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó kú, orúkọ náà bá a lọ.

Ìgbà tí ilé fi máa kan ọkùnrin tí mò ń sọ yìí, ọ̀nà ọ̀dà ti dé, òṣíbàtà ti bo ìdajì omi, èrò kò sì wọ́ mọ́. Ìtàn ló kù. Àwọn tíṣà ń kó ọmọ iléèwé wá wo ibùsùn, àwọn àlejò láti ìlú ńlá ń wá yà á ní fọ́tò. Ọkùnrin náà tẹ́ aṣọ funfun sí i, ó fi okùn yí i ká, ó sì gbé pátákó kọ́ sí orí rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Nígbà tí òrùlé yàrá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ó yọ páànù kúrò lórí àwọn yàrá tí èrò ń sùn, ó fi tún un ṣe. Yàrá márùn-ún ṣí sílẹ̀ fún òjò kí ibùsùn kan má bàa tutù. Ó rò pé ọgbọ́n lòun dá.

Ó sì rẹ̀ ẹ́. Ó ti sọ ìtàn kan náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń sọ ọ́, ọkàn rẹ̀ a ti lọ jókòó síbòmíràn. Mo mọ irú àárẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń ṣọ́ oko tí kò gbin nǹkan kan sí.

Ní ọdún kan ni ìjọba ní àwọn fẹ́ kọ́ èbúté tuntun, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa sàmì sára gbogbo ilé tó wà létí omi. Àmì kan wà lára tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ilé àtijọ́ wá wò ó. Ó gbọ́ ìtàn náà tán, ó mi orí.

“Bàbá, ìtàn yín dùn, ṣùgbọ́n ẹnu yín nìkan la ti gbọ́ ọ. Ẹ wá ẹnì kan jáde tó lè jẹ́rìí sí i, ìbáà jẹ́ ọmọ obìnrin yẹn tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo ń padà bọ̀ lóṣù mẹ́ta òní. Bí ẹ ò bá rí ẹlẹ́rìí, wọ́n á wó o.”

Ọkùnrin náà kò jókòó. Ó wọ gbogbo erékùṣù tó wà lórí omi, ó bá wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá wọn dé mọ́ṣáláṣí. Ó lọ kéde lórí rédíò pé ilé èrò àtijọ́ ń wá ọmọ tí wọ́n bí sórí ibùsùn lọ́dún omi kún. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé àga síta, tí ó ń wo ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀. Ó ti rò ó pé mọ́tò ni ẹni bẹ́ẹ̀ yóò gbé wá, tòun ti ọmọ àti ọmọ ọmọ, nínú aṣọ tó dára.

Oṣù mẹ́ta ku ọjọ́ kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, òjò rọ̀ dáadáa. Ìyá arúgbó kan gba ẹ̀yìn ilé wọlé láti ẹ̀bá omi, ẹrẹ̀ dé e ní orúnkún, aṣọ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn lára.

“Ẹ kú ilé o. Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Jẹ́ kí n rí ibì kan fẹ̀yìn lé.”

“Ẹ káàbọ̀, Màmá. Kò sí yàrá. Gbogbo rẹ̀ ló ń jò.”

Ìyá náà wo ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, ó rí aṣọ funfun. “Ìyẹn ńkọ́?”

“Ìyẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sùn. Ohun ìtàn ni. Àwọn ìjọba ń bọ̀ wá wò ó lọ́la. Hòtẹ́ẹ̀lì wà ní èbúté kejì, wọ́n ní fáànù.”

Ó fẹ́ sọ fún un pé kó jókòó kí òjò dá, kí òun wá nǹkan kan fún un jẹ. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ilẹ̀ tí ó ti fọ̀ láàárọ̀, ó sì rẹ̀ ẹ́. Ìyá náà dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí nǹkan. Ó ní, “Ó dáa. Ẹ ṣeun.” Ó padà sínú ọkọ̀.

Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ọlọ́kọ̀ tó gbé e wá kọjá, ó sì yà kí ọkùnrin náà.

“Bàbá, ìyá tí mo gbé wá lẹ́ẹ̀kan yẹn, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó ní òun gbọ́ lórí rédíò. Ìlú rẹ̀ jìnnà, ọjọ́ kejì tó ti wà lórí omi nìyẹn. Abíọ́nà lorúkọ rẹ̀, nítorí pé ojú ìrìnàjò ni wọ́n bí i sí, nílé èrò kan.”

Ọkùnrin náà dìde. “Kí ló dé tí kò sọ?”

“Ó ní ìyá òun sọ fún òun pé nílé yẹn, ènìyàn kì í dárúkọ ara rẹ̀ títí yóò fi jẹun, tí yóò fi sùn. Ó ń retí kí ẹ gbé oúnjẹ wá. Nígbà tí ẹ ní kó máa lọ, ó ní òun ṣi ilé. Ó ní ilé tí ìyá òun sọ, wọn kì í lé ẹni tó rẹ̀ padà níbẹ̀. Ó ní kí n máa bá òun wá a lọ ní èbúté kejì. A wá a, a ò rí i. Ó ti bá mọ́tò lọ.”

Lọ́jọ́ kejì, òṣìṣẹ́ ìjọba dé. Ó béèrè ẹlẹ́rìí.

Ọkùnrin náà lè parọ́. Àárẹ̀ kò jẹ́. “Ó wá,” ó ní. “Èmi ni mo lé e.”

Òṣìṣẹ́ náà pa ìwé rẹ̀ dé.

Ọkùnrin náà já okùn náà dànù, ó sì yọ pátákó. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó wó ilé náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, gbogbo apẹja tí òjò ká mọ́ orí omi ló sùn sórí ibùsùn yẹn pẹ̀lú ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ wọn, òun fúnra rẹ̀ sì ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó ṣì ń rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n àárẹ̀ iṣẹ́ ni, oorun sì ń kùn ún. Abíọ́nà kò padà wá. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ìwọ ni mo pa àkàwé yìí fún. O wá bá mi pé kí n bá ọ kọ ìtàn bàbá rẹ sílẹ̀, kí o lè gbẹ́ ẹ sára òkúta níwájú ilé, bí ó ṣe jẹ́ pé ẹni tí ayé lé kúrò níbi gbogbo, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń sá sí. Òótọ́ ni, mo mọ bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé o ti ní kí ọkùnrin arọ tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé yín láti ayé bàbá rẹ kó jáde, kí ibi tí òkúta náà máa dúró sí lè gbòòrò. Ìwọ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo máa sọ èyí fún, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́. N óò kọ ìtàn náà fún ọ bí o bá fẹ́. Kọ́kọ́ lọ sílé ná, kí o gbé oúnjẹ fún ọkùnrin yẹn. Nítorí bí ẹnì kan tí bàbá rẹ gbà sílé bá gba ẹ̀yìnkùlé yín wọlé lónìí, kò ní ka òkúta rẹ. Yóò wo ojú rẹ ni, yóò sì rò pé òun ṣi ilé.