Ọkùnrin Tí Ó Gbẹ́lẹ̀ Yí Yàrá Àbúrò Rẹ̀ Ká

Ọkùnrin kan wà tí òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin jọ ń gbé inú ilé àtijọ́ tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń gbé apá iwájú, àbúrò ń gbé apá ẹ̀yìn. Páìpù kan ṣoṣo ló ń gbé omi ìdọ̀tí àwọn méjèèjì, abẹ́ yàrá àbúrò ló sì gbà lọ sí kòtò sókàwéè lẹ́yìnkùlé.

Páìpù náà fọ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀gbọ́n kún, òórùn gba gbogbo ilé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù kí àwọn àna wá tọrọ ọmọbìnrin rẹ̀.

Púlọ́mbà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Ọ̀gá, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Abẹ́ yàrá àǹtí ló ti fọ́. Ẹ sáà bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ ká fọ́ ilẹ̀ ibẹ̀."

Bẹ̀ wọ́n kẹ̀! Nígbà tí àbúrò yìí kó kúrò nílé ọkọ ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n ló là á mọ́lẹ̀ níwájú ẹbí pé dálémoṣú kò ní ìpín nínú ilé bàbá òun. Láti ọjọ́ náà, "ẹ káàárọ̀" lásán ló kù láàárín wọn. Ojú wo ni yóò fi wá kanlẹ̀kùn rẹ̀?

Ó ronú títí, lójijì ó fò sókè. "Mo ti rí i! Ẹ jẹ́ ká gbé páìpù gba ẹ̀gbẹ́ ilé!" Púlọ́mbà ní ọ̀nà náà jìn. Ta ló ń gbọ́? Inú ọkùnrin yìí ń dùn ṣìnkìn. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó gbé dígà, ó ń bá àwọn lébìrà gbẹ́lẹ̀, orin kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ti gbẹ́ ẹ dé igun ẹ̀yìn. Ó kù díẹ̀! Àfi gbàǹgà, dígà ba àpáta. Wọ́n gbẹ́ ọ̀tún, àpáta. Wọ́n gbẹ́ òsì, àpáta. Àpáta kò mọ̀ pé ọkùnrin yìí ni àkọ́bí.

Ó jókòó sínú kòtò, ó káwọ́ lérí. Nígbà tó pẹ́, ó dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó lọ kan ilẹ̀kùn àbúrò rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí, mo jẹ̀bi rẹ̀. Má bínú. Ilé bàbá rẹ ni."

Àbúrò ṣílẹ̀kùn gbayawu. Háà! Ó ti gbé bẹ́ẹ̀dì dúró ti ògiri, ó ti ká kápẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ ṣófo fún ẹni tí yóò fọ́ ọ.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ọjọ́ tí púlọ́mbà kọ́kọ́ wá, tí mo gbọ́ ohun tó sọ fún yín, ni mo ti palẹ̀ mọ́. Orí àga ni mò ń sùn. Mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń gbẹ́lẹ̀ yí mi ká, mo ní, gbogbo làálàá yìí, nítorí 'má bínú' kan ṣoṣo?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, páìpù tuntun ti wà nílẹ̀. Wọ́n da omi garawa kan sí i, ó lọ ṣàà! Gbogbo ilé hó yèè.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi ńkọ́? Ò ń rán ẹni sí ẹni, ò ń yí ìjókòó padà nínú ìsìn, kí ìwọ àti ẹnì kan má baà kojú. Òógùn yẹn pọ̀ jù. Jáde nínú kòtò, lọ kanlẹ̀kùn lónìí. Bóyá ó ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò tipẹ́. Bó bá sì ṣílẹ̀kùn, sọ pé o jẹ̀bi, kí o tó sọ ohun tí o wá gbà.