Ọjọ́ Tí Wọ́n Ń Retí Òròmọdìyẹ

Obìnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní oko adìyẹ kan lẹ́yìn ìlú Ìwó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù dún: àwọn òròmọdìyẹ tó yẹ kó dé lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n. Wọn ò tíì fọ́n oògùn apakòkòrò sí ilé tí wọ́n máa wọ̀, Làmídì tó máa ń fọ́n ọn sì ti lọ sìnkú bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá máa fọ́n ọn, ọjọ́ yẹn náà ni.

Ìyá tó ni oko, tí gbogbo wọn ń pè ní Mọ́mì, wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kí obìnrin yìí gbé àgbá oògùn kọ́ ẹ̀yìn.

"Ìwọ niṣẹ́ ẹ mọ́ jù níbí," ló wí.

Oyún oṣù mẹ́ta wà nínú obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ mọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ mọ̀, kò sí ẹlòmíràn. Ìyá ọkọ ti kìlọ̀ fún un pé, "Má sọ ọ́ jáde o, ìyàwó mi. Tí ikùn bá yọ, gbogbo ayé á fojú ara wọn rí i." Ṣùgbọ́n kì í ṣe ayé ló ń bà á lẹ́rù jù. Lọ́dún méjì ṣáájú, ẹni tó ń kó ẹyin nígbà náà sọ fún Mọ́mì pé òun lóyún. Mọ́mì bá a yọ̀, ó fún un ní ẹyin ọgbọ̀n, ó ní kó lọ sinmi. Ó ń sinmi títí di òní.

Obìnrin yìí sì ń retí lẹ́tà. Wọ́n ti ṣèlérí pé ní ìparí oṣù, òun ni wọ́n máa fi ṣe olórí òṣìṣẹ́. Èrò rẹ̀ ni pé kí lẹ́tà kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ òun ná, kí òun tó lanu.

Mọ́mì rí i pé kò tètè dìde. "Kí ló dé? Ṣé ara ẹ ò yá ni?"

Ẹnu rẹ̀ ti ń ṣí. Ó rántí ẹni tó ń sinmi. Ó ní, "Eyín ló ń dùn mí, Mà."

"Ṣé eyín lo fẹ́ fi fọ́n ọn ni? Ọwọ́ ni mo yá."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mọ́mì kì í kúkú ṣe ìkà. Ó wá oògùn ìrora méjì fún un, ó sì dúró kó gbé e mì. Obìnrin náà fi í pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, ó tu ú dànù lẹ́yìn ilé.

Ó fi aṣọ di imú, ó wọlé. Ilé adìyẹ náà gùn, wọ́n sì ti fi ọ̀rá bo àwọn fèrèsé rẹ̀. Oògùn ń ta á lójú, ó ń há a lọ́fun. Ó fọ́n ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo igun kankan. Nígbà tó jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ní eyín ni.

Lọ́jọ́ kejì, òròmọdìyẹ dé kí oòrùn tó yọ. Iná èédú ti wà nílẹ̀ dè wọ́n, omi wọn ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ilẹ̀ ti gbẹ. Ìkankan nínú wọn kò kú. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára obìnrin náà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, oyún ti wálẹ̀. Dókítà kò sọ pé oògùn adìyẹ ló fà á. Kò sì sọ pé oògùn náà kọ́ ló fà á.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Mọ́mì gbọ́, ó wá kí i ní ilé ìwòsàn. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ní:

"Ìwọ lo kọ́ gbogbo wa pé a kì í gba òròmọdìyẹ láìjẹ́ pé wọ́n ti fi tó wa létí. Lánàá, torí pé wọ́n pè wá ṣáájú la fi ráyè dáná dè wọ́n. Kí ló dé tó ò fi èyí tó mi létí?"

"Ẹni tó fi tó yín létí lọ́jọ́sí dà, Mà?"

Mọ́mì ń fi ọwọ́ tẹ́ etí aṣọ ibùsùn, bẹ́ẹ̀ ó ti tẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ìwọ tó ò ń fi aṣọ tó tóbi bo oyún lọ síbi iṣẹ́, ìwọ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Kò sẹ́ni tó ní kó o máa pariwo rẹ̀ kiri. Aládùúgbò lè dúró. Ará ilé lè dúró. Àmọ́ ẹni tó ń gbé iṣẹ́ lé ọ lọ́wọ́ yàtọ̀ sí wọn, torí ohun tó bá mọ̀ nípa rẹ ló máa fi díwọ̀n ẹrù tó máa gbé rù ọ́. Má ka oṣù, má dúró de lẹ́tà. Wo iṣẹ́ tí wọ́n gbé síwájú rẹ. Ọjọ́ tí iṣẹ́ náà bá ti lè kan ohun tó wà nínú rẹ, ọjọ́ yẹn ni kó o sọ, kó o sì sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, má fi eyín bò ó. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó bá ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ó ń tàn ọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣeé wá. Bó bá sì jẹ́ ìwọ ni ọ̀gá, ẹni tó sọ fún ọ kẹ́yìn, ibo ló wà báyìí? Àwọn tó kù ń wò ó.

Obìnrin náà ṣì wà ní oko yẹn. Lẹ́tà rẹ̀ ti dé, ó wà nínú àpótí. Làmídì ti padà sẹ́nu oògùn fífọ́n. Oṣù yìí ni obìnrin náà ì bá bímọ. Àwọn òròmọdìyẹ ọjọ́ yẹn ti dàgbà, wọ́n ti ń yé, òun ló sì ń kó ẹyin wọn láràárọ̀.